Ọjọ́ Kẹta Ni Wọ́n Ń Wá

Nígbà tí mo lo oṣù mẹ́ta ní Manchester, obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi délé nínú yìnyín. Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá a, mo dúpẹ́ ti àná lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí lójú, ó ní, ‘Kí ló ṣẹlẹ̀ lánàá?’ Mo ní ó gbé mi délé ni. Ó rò ó díẹ̀, ó ní, ‘Ṣé o fẹ́ kí n tún gbé ẹ lónìí ni?’ Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, tọkàntọkàn ló fi bi mí. Ojú tì mí. Mo ní rárá, mo sì fẹsẹ̀ rìn délé lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń tọrọ nǹkan.

Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá ṣe ẹ́ lóore lónìí, wàá dúpẹ́ lónìí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wàá tún dúpẹ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní abúlé wa létí ọ̀sà, lápá Ìbẹ̀ṣẹ̀ ní Ìkòròdú, ọjọ́ kẹta tún wà. Bí àlejò bá mú ẹ̀bùn wá, a kì í bá a rojọ́ lọ́jọ́ tó mú un wá. A kì í bá a rojọ́ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú, nítorí ọjọ́ ‘ẹ ṣé àná’ nìyẹn. Ohun yòówù kó máa dùn wá, a ó gbé e mì. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n ń wá. Àwọn àgbà obìnrin á wọ aṣọ tó mọ́, wọn á jókòó ti àlejò, wọn á ní, ‘A dúpẹ́ o, ṣùgbọ́n...’ Ohun tó bá tẹ̀lé ‘ṣùgbọ́n’ yẹn ni ọ̀rọ̀ gan-an tó wà nílẹ̀. Mo ti mọ èyí kí n tó mọ a-b-d. N kò lè sọ pé n kò mọ̀, ohun tó sì ń tì mí lójú jù nìyẹn.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe nílùú òyìnbó ni ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mo ka ìwé jáde ní yunifásítì, mo wá ń gé èékánná bàbá kan tó ń fi orúkọ ajá rẹ̀ tó ti kú pè mí. Mo máa ń dá a lóhùn. Kí ni kí n ṣe? Òun nìkan ló ń fi ayọ̀ pè mí nínú gbogbo ọ̀sẹ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù níbẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́. Màá wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀, ènìyàn á kún inú rẹ̀ bámúbámú, kò sẹ́ni tí yóò kí ẹnì kan. Màá sọ ‘ẹ káàárọ̀ o’ nínú ọkàn mi, kó má baà sọnù lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn ọdún méjì mo rí iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe ọṣẹ ìfọṣọ àti ọṣẹ ìwẹ̀ ló ń wá akọ̀wé. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ káàkiri ayé, ọ̀kan sì wà ní Ìkòròdú, kò jìnnà sí abúlé wa. Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò pé fèrè ilé iṣẹ́ wọn ló ń jí mi lọ sílé ìwé nígbà tí mo wà ní kékeré. Inú wọn dùn, wọ́n gbà mí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó sórí àga tó ń yí, mo yí i lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò mí. N kò tíì ṣiṣẹ́ lórí ìjókòó rí láyé mi.

Ẹ̀ka tí wọ́n fi mí sí ni èyí tó ń rí sí i pé ilé iṣẹ́ náà kò ba omi àti ilẹ̀ jẹ́, àti pé kò ni àwọn ará àdúgbò rẹ̀ lára. Helen ni orúkọ ọ̀gá wa. Ó dàgbà tó Màámi, ó sì ní kí n máa pe òun ní Helen ṣánṣán. Ó gbà mí ní oṣù kan kí ahọ́n mi tó lè pè é. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn ènìyàn burúkú ni mo bá ṣiṣẹ́. Helen lè bá àwọn ọ̀gá àgbà jà fún odidi ọ̀sẹ̀ nítorí ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọṣẹ. Ó jà títí wọ́n fi dín in kù sí ìdajì. Ó jà títí àwọn tó ń gbá ilẹ̀ ọ́fíìsì fi ń gba ìsinmi bí àwa yòókù. Mo gbà á gbọ́, mo sì ń fi ẹ̀ka wa yangàn.

Màámi ń fi í yangàn jù mí lọ. Ìlàjẹ ni wọ́n, láti etíkun Oǹdó ni àwọn òbí wọn ti gbé wọn wá sí abúlé wa, ẹja ni wọ́n sì ń yan láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, ni a máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

‘Ṣé o ti jẹun?’

‘Mo ti jẹun, Màámi.’

‘Kí lo jẹ?’

‘Búrẹ́dì ni.’

‘Búrẹ́dì lọ́sẹ̀ tó kọjá, búrẹ́dì lọ́sẹ̀ yìí. Ṣé o jẹ́jẹ̀ẹ́ ni?’ Wọn á rẹ́rìn-ín, èéfín ẹja á mú wọn wúkọ́. ‘Mo sọ fún wọn lọ́jà Benson pé ọmọ mi ló ń rí sí i kí kọ́ńpìnnì má ba omi jẹ́. Ìyá aláta ò gbà mí gbọ́. Mo ní kó má gbà mí gbọ́ mọ́, ata rẹ̀ ni kó máa tà.’

Ọjọ́ Sunday kan ni wọ́n sọ ọ́ fún mi, láàárín ọ̀rọ̀ mìíràn, bí ẹni pé kò tó nǹkan.

‘Ibi tí páìpù kọ́ńpìnnì yín ti ń dà sí ọ̀sà yẹn, ó ti ń hó o. Ó ń hó bí ìgbà téèyàn bá po ọṣẹ. Àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ níbẹ̀, ara ń yún wọn. Àwa tá à ń fọ ẹja níbẹ̀, ọwọ́ wa ń bó. Bá wa sọ fún wọn.’

‘Màá sọ fún wọn, Màámi.’

N kò sọ. N kò tíì pé oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, wọ́n ṣì ń wò mí bóyá wọn á gbà mí pátápátá. Mo rò ó pé kí ni wọn á wí nípa akọ̀wé tuntun tó kó ẹjọ́ wá láti ilé? Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀lé e Màámi bi mí, mo ní mo ń bá wọn sọ ọ́ lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tún tẹ̀lé e, mo ní wọ́n ń gbé e yẹ̀ wò. Irọ́ ni. Nígbà tó yá irọ́ náà mọ́ mi lẹ́nu.

Irọ́ mìíràn tún wà nílẹ̀, tó ti pẹ́ jù ú lọ. Wọ́n bi mí lọ́jọ́ kan nídìí oúnjẹ ọ̀sán pé iṣẹ́ kí ni ìyá mi ń ṣe. Mo ní iṣẹ́ oúnjẹ ni. Wọ́n rò pé ó ní ilé oúnjẹ, mo sì jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ Ìkòròdú, mo máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé inú ẹ́sítéètì tó ní géètì ni wọ́n bí mi sí, níbi tí àwọn bàbá ti ń so táì, tí wọ́n ń jáde lọ sí Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàbá mi kò so táì rí títí wọ́n fi kú. Apẹja ni wọ́n.

Ní ọdọọdún ẹ̀ka wa máa ń tẹ ìwé kan jáde, níbi tí ilé iṣẹ́ ti ń ròyìn ohun tó ṣe fún àyíká àti fún àwọn ènìyàn. Lọ́dún náà Helen ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ wa gan-an. Ó yan Ìkòròdú. Ó ní, ‘Ìwọ ni wàá mú wa lọ, ìwọ ni wàá túmọ̀ fún wa.’ Abúlé wa, tó wà lẹ́nu páìpù, ni wọ́n mú.

Mo pe Màámi. Mo ní a ń bọ̀. Wọ́n kígbe ayọ̀ débi pé mo ní láti gbé fóònù jìnnà sétí. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, mo wá sọ ohun tí mo pè wọ́n fún.

‘Màámi, níwájú wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ bí mi. Kí wọ́n má lọ rò pé mo ń gbè yín.’

Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

‘Ó dáa,’ ni wọ́n wí. ‘Iṣẹ́ ni.’

Àwa mẹ́rin la dé abúlé: Helen, ọkùnrin tó ń ya fídíò, ọ̀gá kan láti ilé iṣẹ́ Ìkòròdú, àti èmi. Ẹ̀bùn tí a mú wá dára. Ààrò tuntun mẹ́fà tí wọ́n fi ń yan ẹja ni, irú èyí tí kì í jẹ igi púpọ̀, tí èéfín rẹ̀ sì ń gba ojú ihò jáde dípò ojú ènìyàn. Ẹ̀rọ omi kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ sílẹ̀ ṣáájú kí a tó dé. Wọ́n to àga sábẹ́ igi fún wa. Àwọn obìnrin wá kí wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló mọ̀ mí. Ìyá Bísọ́lá, tó pọ̀n mí nígbà tí Màámi ń ṣàìsàn, wò mí bí ẹni pé ojú wa kò pàdé rí. Wọ́n ṣe eré náà dáadáa jù mí lọ.

Màámi ló kẹ́yìn, nítorí àwọn ni agbẹnusọ àwọn tó ń yan ẹja. Wọ́n dúró níwájú mi. Wọ́n tẹ orúnkún díẹ̀.

‘Ẹ kú àbọ̀ o, màdáámù,’ ni ìyá mi wí fún mi.

Mo jókòó. N kò dìde, nítorí Helen kò dìde. Mo ní, ‘Ẹ ṣé, mà.’ Orí mi gbóná bí ẹni tí wọ́n da omi híhó lé. Wọ́n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn yòókù, wọ́n dúpẹ́ fún ààrò, wọ́n dúpẹ́ fún omi, wọ́n sì fún wa ní ẹja ọ̀bọ̀kún yíyan. Helen jẹ ẹ́ tán, ó ní òun kò jẹ irú rẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ kejì a padà lọ láti ya fídíò. Wọ́n dúpẹ́ ti àná. Inú Helen dùn púpọ̀, ó ní, ‘Wọ́n tún ń dúpẹ́!’ N kò ṣàlàyé fún un pé ìyẹn kò túmọ̀ sí nǹkan kan, pé bí a bá ti fún wọn ní àpò iyọ̀ kan péré, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn ì bá ṣe dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ohun tó tìtorí rẹ̀ wá. Ó ní kí n bi wọ́n bóyá omi tó ń ti ilé iṣẹ́ jáde ń dà wọ́n láàmú.

Mo bi wọ́n. Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Màámi wò mí. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n gbà pé mo ti sọ fún Helen tipẹ́, àti pé mo mọ ọjọ́ tí wọ́n máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

‘Kò sí wàhálà,’ ni Màámi wí. ‘A dúpẹ́.’

Mo túmọ̀ rẹ̀ láìfi kan kún un, láìyọ kan kúrò. Helen kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá gbé bírò dúró, nítorí kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní, ‘Ìwọ, ará ibí ni ọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí?’

Ibẹ̀ ni ó yẹ kí n ti sọ pé, Helen, jẹ́ ká dúró di ọ̀la. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ lọ́la. Mo tún mọ̀ pé tí wọ́n bá wá, wọn á sọ pé àwọn ti ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, Helen á sì béèrè pé ta ni wọ́n rán. Mo mi orí. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Bí a ṣe ń wọ mọ́tò, Màámi ní, ‘Ó dọ̀la o.’ Mo ní, ‘Ó dọ̀la, mà.’ Mo sì mọ̀ pé ní kùtù ọ̀la à ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí Helen ti fẹ́ fi fídíò náà han àwọn ọba àti àwọn ará ìjọba ní hòtẹ́ẹ̀lì kan.

Fóònù mi dún ní agogo mẹ́sàn-án ọjọ́ kẹta. Màámi ní, ‘A ti wà lábẹ́ igi. Èmi, Ìyá Bísọ́lá, gbogbo wa. Ibo lẹ wà?’

‘A ti lọ sí Ẹ̀pẹ́, Màámi.’

Wọn kò bú mi. Wọ́n béèrè orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì náà. Mo sọ ọ́ fún wọn, nítorí kò wá sí mi lọ́kàn pé wọ́n lè gbéra.

Màámi gbéra, àwọn nìkan. Wọ́n wọ ọkọ̀ gba Ìtókín wá. Ó ti ń lọ sí ọ̀sán, èmi àti Helen dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú hòtẹ́ẹ̀lì, nígbà tí ọlọ́dẹ rìn wá bá wa. ‘Madam, one mama dey gate,’ ló wí fún mi. ‘She say na you she come see. I tell am make she wait outside.’

Mo gbójú sókè. Màámi dúró sẹ́yìn irin géètì, nínú oòrùn, pẹ̀lú aṣọ àdúrà wọn funfun, èyí tó mọ́ jù nínú aṣọ tí wọ́n ní. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì kékeré kan lọ́wọ́. Omi wà nínú rẹ̀.

‘Ta nìyẹn?’ Helen bi mí. Ó ti ń rìn lọ sí géètì, mo sì ń tẹ̀ lé e.

A ti sún mọ́ géètì. Mo ní, ‘Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin abúlé yẹn ni.’

Èdè òyìnbó ni mo fi sọ ọ́. Màámi kò lọ jìnnà nílé ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n ti ta ẹja fún oríṣiríṣi ènìyàn, òyìnbó tí wọ́n gbọ́ tó èyí tí mo sọ yẹn.

‘Kí ló bá wá?’

Ẹnu mi ti ṣáájú mi. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní, ‘Ó wá dúpẹ́ ni. Ó gbé omi wá láti inú ẹ̀rọ tuntun.’

Omi ojú lé ròrò sójú Helen. Ó ní kí wọ́n ṣí géètì. Ó gbá Màámi mọ́ra pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì wọn. Ó pe ọkùnrin tó ń ya fídíò, ìyẹn sì ya fọ́tò wọn: Helen ń rẹ́rìn-ín, Màámi di kẹ́ẹ̀gì omi ọ̀sà mú sí àyà, wọn kò rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wo ọ̀kánkán. Èmi ni wọ́n ń wò, mo dúró lẹ́yìn ẹni tó ń ya fọ́tò.

‘Ṣé o ti sọ fún un?’ ni Màámi bi mí.

‘Mo ti sọ fún un.’

‘Kí ló wí?’

‘Ó ní ẹ ṣé.’

Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì náà lé mi lọ́wọ́. Wọ́n yí padà, wọ́n lọ wọ ọkọ̀. N kò fún wọn ní omi mu. Wọ́n rin ìrìn tó tó bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn, ilé tí mo wà kún fún omi tútù, n kò fún ìyá mi ní omi mu. Mo ti forí ji ara mi fún ọ̀pọ̀ nǹkan nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ọ̀nà gbé ti omi yẹn gbà.

Wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbé kẹ́ẹ̀gì omi wọ bàálù. Mo bu díẹ̀ sínú ìgò ìpara mi tó ti tán, mo da ìyókù sínú agbada ìfọwọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ó hó.

Ìwé ọdọọdún náà jáde, ó sì rẹwà. Fọ́tò Màámi gba ojú ewé kan gbáko. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé obìnrin yìí rìnrìn àjò láti abúlé rẹ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́ kó lè dúpẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi níbi ìpàdé. Ẹnì kan gé ojú ewé náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri nítòsí ibi tí a ti ń po tíì. Ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá lọ po tíì, ìyá mi á máa wò mí.

Ọjọ́ Sunday dé, Màámi kò béèrè ọ̀rọ̀ omi mọ́. Wọn kò béèrè ohun tí mo jẹ. Wọn á ní, ‘Ṣé àlàáfíà ni? Ẹ ṣé tẹ́ ẹ pè. Ọlọ́run á máa bá yín lọ.’ Bí wọ́n ṣe ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo dé ìlú òyìnbó, ohun tó ń pa mí lára ni pé kò sẹ́ni tó ń kí mi. Ìgbà yìí ni mo wá mọ̀ pé ìkíni nìkan náà lè pa ènìyàn lára. Àlejò ni wọ́n kàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ilé ni wọ́n ń bá wí. Mo fẹ́ kí wọ́n bú mi, wọn kò bú mi, n kò sì ní ẹnu láti bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ìyá Bísọ́lá ló pè mí níjọ́ kan ní fóònù ọmọ rẹ̀. Ó ní òun kò pè mí láti jà. Ó ní ọwọ́ Màámi ti bó débi pé wọn kò lè fọ ẹja mọ́, àwọn ẹlòmíràn ló ń bá wọn fọ̀ ọ́. Ó ní, ‘Ààrò yín dáa o. A dúpẹ́. Ìyá ẹ kàn ń jókòó tì í ni, wọ́n ń wò ó.’

Ní àárọ̀ Friday mo mú ìgò ìpara náà, mo já fọ́tò Màámi kúrò lára ògiri ibi tíì, mo wọ ọ́fíìsì Helen. Mo gbé fọ́tò náà síwájú rẹ̀, mo mi ìgò náà títí ó fi hó, mo gbé e lé orí ìwé náà.

Mo ní, ‘Ìyá mi nìyí. Kò wá dúpẹ́. Omi tó ń tinú páìpù wa jáde ló gbé wá fún ọ. Ó ti ń sọ fún mi láti ọdún tó kọjá pé kí n sọ fún ọ. Mo mọ̀ nígbà tí o bi mí, mo sì purọ́.’ Mo tún ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọjọ́ kẹta fún un.

Helen kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó wo fọ́tò náà pẹ́. Ó ní, ‘Mo gbá a mọ́ra. O dúró síbẹ̀, o jẹ́ kí n gbá a mọ́ra.’ Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù, ó ń pe Ìkòròdú.

Kí n sọ òótọ́, wọ́n ṣe é. Wọ́n yọ ìwé náà kúrò níta, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ṣe àṣìṣe. Wọ́n rán àwọn tó ń yẹ omi wò, wọ́n dí ẹnu páìpù náà, wọ́n ń gbẹ́ kòtò tí omi ọṣẹ yóò máa kọ́kọ́ dà sí láti sẹ́. Iṣẹ́ ṣì ń lọ níbẹ̀. Nínú òfin ẹ̀ka wa, ìlà tuntun kan ti wà pé kò sí àwọn tí a bá bẹ̀ wò tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ kẹta. Àwọn kan yìn mí fún un, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀ka mìíràn, níbi tí kò sẹ́ni tí màá túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún. Ó tọ́ sí mi.

Ṣùgbọ́n kí gbogbo ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní ọ̀sán Friday tí mo jáde ní ọ́fíìsì Helen, mo pe Màámi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀: pé n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, pé mo mi orí, pé mo ní wọ́n wá dúpẹ́, pé mo ti wá sọ òótọ́ báyìí. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin.

‘A dúpẹ́ o,’ ni wọ́n wí. Wọ́n pa fóònù.

Ní Saturday, àwọn ni wọ́n pè mí. Wọn kì í pè mí, èmi ni mo máa ń pè wọ́n. ‘Ẹ ṣé àná,’ ni wọ́n wí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo jókòó ti fóònù náà fún ìgbà pípẹ́, nítorí mo mọ bí a ṣe ń ka ọjọ́ lọ́dọ̀ wa.

Ní Sunday, n kò lọ síbì kankan. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tó mọ́, mo gbé ìwé àti bírò ka iwájú mi. Fóònù dún.

‘Ìwọ ọmọ yìí,’ ni Màámi wí, ohùn wọn le, ohùn tí n kò gbọ́ láti ọjọ́ Ẹ̀pẹ́. ‘Ṣé o jókòó?’

‘Mo jókòó, Màámi.’

‘Má dá sí mi o. Má dá sí mi títí màá fi sọ ọ́ tán.’

Mo ṣí bírò. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ látorí omi. Ẹnu géètì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.